Òdòdó tó ń ta sánsán lóru: ìdáhùn sí ìyá kan ní Kétu tí ọ́kíìdì rẹ̀ ń rọ nínú ìkòkò

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Ó ní wọ́n gé igi ọsàn àtijọ́ kan lulẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé ọkọ òun lọ́dún tó kọjá, òun sì rí ewéko kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, tó ní ewé nínípọn mélòó kan àti òdòdó funfun tó so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò bá òun lára mu kí ó bá igi náà jóná, ni òun bá gbé e wọlé, òun wá ilẹ̀dú tó dára, òun gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀, òun sì ń bomi rin ín láràárọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, òórùn dídùn gba gbogbo yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fi imú kan òdòdó náà, òun kò sì gbóòórùn kankan. Ní báyìí ewé méjì ti já, àwọn tó kù ti hunjọ, òdòdó kò sì tún yọ mọ́. Ó wá béèrè bóyá àfòmọ́ ni, tí yóò pa igi mìíràn bí òun bá so ó mọ́ ọn. Ó béèrè ohun tó ń ṣe é nígbà tó jẹ́ pé òun kò fi omi dù ú. Ó béèrè bí òórùn náà ṣe lè padà wá. Ó sì fi kún un pé ọmọbìnrin òun tó ń gbé ní Kútọnu fẹ́ kí òun gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún òun.

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Mo fara balẹ̀ wo àwòrán mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbà tí mo rí i pé àárín rẹ̀, níbi tí ewé tuntun ti ń jáde, ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí ibẹ̀ bá ti wà láàyè, ewéko náà lè yè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó ní sùúrù oṣù mélòó kan pẹ̀lú rẹ̀. Ọ́kíìdì ni, irú ewéko tí àwọn tó ka ìwé Faransé láàárín wa ń pè ní orchidée. Ewé rẹ̀ fẹ̀ lókè ju ìdí lọ, orí ewé kọ̀ọ̀kan là sí méjì, apá kan sì gùn ju èkejì lọ díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè kí oòrùn àárọ̀ là á kọjá, ẹ ó rí àmì dúdú wínníwínní lára rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6. Àwọn àmì wọ̀nyí ló fi hàn mí pé Aerangis biloba ni. John Lindley, onímọ̀ ewéko ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1840, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Rudolf Schlechter, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ló fún un ní èyí tó ń jẹ́ lónìí, ní ọdún 1915. Orí ewé tó là sí méjì yẹn gan-an ni biloba ń sọ nínú èdè Látìnì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe àlejò: láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Kamẹrúùnù ni ó ti ń hù, lára igi inú igbó, lára igi obì, igi kòkó àti igi ọsàn inú oko. Nítorí náà, ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe ìṣòro rẹ̀ rárá.

Kì í sì í ṣe àfòmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ohunkóhun tó bá hù lórí igi. Àfòmọ́ gidi, tí ẹyẹ ń fi kóró èso rẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀ka, a máa gún ẹnu wọ inú igi, a máa fa omi igi náà mu, ẹ̀ka tó bá sì pọ̀ sí lára lè gbẹ. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ewéko tiyín ní egbò, ìyẹn gbòǹgbò, ó tilẹ̀ ní i lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n orí èèpo igi lásán ni gbòǹgbò náà ń rìn, kò wọ inú rẹ̀. Òjò tó ń ṣàn lára èèpo, eruku, ewé jíjẹrà tó há sí kọ̀rọ̀ ẹ̀ka àti atẹ́gùn, ìwọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀. Ìjókòó nìkan ló ń tọrọ lọ́wọ́ igi. Ẹ lè so ó mọ́ igi ọsàn yòókù tó wà lágbàlá yín láìbẹ̀rù. Igi náà kò ní pàdánù ohunkóhun.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n fa á gùn díẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ gbòǹgbò ọ́kíìdì ti mọ ìdajì ìtọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá mú gbòǹgbò kan tó yè, ẹ ó rí i pé ó nípọn ju igi ìṣáná lọ, ara rẹ̀ funfun bí ẹfun, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ ewé tó ń dán. Ẹ kán omi sí i lára. Kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún, ibi tó funfun bí ẹfun yẹn á ti di àwọ̀ ewé lójú yín. Aṣọ tó wọ̀ ni funfun náà, ó rí bí kànrìnkàn, a máa fa omi mu lẹ́ẹ̀kan náà, a sì tún máa jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí omi bá tán. Lórí ẹ̀ka igi, òjò á rọ̀, aṣọ náà á mu yó. Òjò á dá, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, á gbẹ kí oòrùn tó wọ̀. Mímu àti gbígbẹ, méjèèjì ló ń fẹ́. Nígbà tí ẹ wá rì í sínú ilẹ̀dú, mímu nìkan ló kù. Ilẹ̀ náà kò gbẹ láti àárọ̀ dé àárọ̀, gbòǹgbò kò rí èémí mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi mọ́, ewé á wá hunjọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, òùngbẹ náà sì ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́, nínú omi. Olúwa rẹ̀ á rí ewé tó hunjọ, á tún bu omi sí i. Báyìí ni mo ṣe pa èyí tí mo kọ́kọ́ ní, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ó sì dùn mí títí di òní pé oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rọ omi lé e lórí kí n tó mọ̀.

Ẹ tú u kúrò nínú ìkòkò náà lónìí. Ẹ má fà á. Ẹ ri gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n omi kí ilẹ̀ yọ kúrò fúnra rẹ̀, kí ẹ sì rọra ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ wá fi ìka méjì tẹ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Èyí tó bá rọ̀ múlọ́múlọ́, tí awọ rẹ̀ bọ́ nígbà tí ẹ fà á, tó jẹ́ okùn tín-ín-rín kan ló ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́, ó ti kú, ẹ gé e dé ibi tó le. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀bẹ náà kọjá lórí iná, kí ó tutù kí ẹ tó lò ó. Ẹ gún èédú kúnná, kí ẹ fi pa ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ sì fi ewéko náà sí ibòji fún ọjọ́ kan láìbomi rin ín. Ẹ má bẹ̀rù, ọjọ́ kan kò ní pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ègé igi kan tó gùn tó apá láti igbọ̀nwọ́ dé ọwọ́, tí èèpo rẹ̀ rí ṣákaṣàka: igi ọsàn dára, igi obì dára, máńgòrò náà dára. Bí ẹ bá ṣì ní ẹ̀ka igi ọsàn àtijọ́ yẹn tí iná kò jó, kò sí èyí tó tó o. Ẹ má lo gúáfà, nítorí èèpo rẹ̀ a máa ṣí bọ́, gbòǹgbò á sì bá a bọ́. Ẹ má sì lo pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà tàbí tí wọ́n rì sínú oògùn ikán. Ẹ fi èèpo àgbọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ tẹ́ abẹ́ gbòǹgbò, kò gbọdọ̀ bo ìdí ewé, kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ti gbó, èyí tó ń fà, gé okùn láti fi dì í mọ́ igi. Ẹ dì í le dáadáa. Bí ó bá ń mì, ṣóńṣó gbòǹgbò tuntun á máa fara ha igi, á sì kú. Bí ẹ ṣe gbé e kọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kí orí wọn sì tẹ̀ sílẹ̀, bí ó ṣe ń hù lára ẹ̀ka nínú igbó. Ọ́kíìdì yìí kò ní ju ojú kan ṣoṣo tí ó fi ń dàgbà lọ. Bí omi bá dúró sí ojú náà mọ́jú, tí ó sì rà, ó ṣòro kí nǹkan tó kù tún gbé ewé mìíràn jáde.

Ní ti omi, gbòǹgbò ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe aago, kì í sì í ṣe ewé. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ títí gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ á fi di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ rí i pé wọ́n ti padà funfun, ibi tí ẹ gbé e kọ́ dára. Bí wọ́n bá ṣì tutù di ọjọ́ kejì, atẹ́gùn kò tó níbẹ̀, ẹ gbé e síta sí i. Bí wọ́n bá ti gbẹ kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, oòrùn ti pọ̀ jù, tàbí kí ọyẹ́ ti dé. Omi òjò ló dára jù. Omi kànga náà lè ṣe é, àfi èyí tó bá ń fi nǹkan funfun líle sílẹ̀ nídìí ìkòkò tí ẹ fi ń se omi, nítorí nǹkan funfun yẹn kan náà ni yóò dì mọ́ gbòǹgbò.

Ìtọ́jú ti Àjàṣẹ́ àti ti Kétu kò lè rí bákan náà. Ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín, òkun kò sì jìnnà, afẹ́fẹ́ wa tutù nígbà gbogbo. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni òjò oṣù kẹfà tó lè rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. Ọyẹ́ ni kí ẹ̀yin máa ṣọ́, láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, ó sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ará Sabẹ̀ẹ́, tí ọ̀gbẹlẹ̀ wọn gùn ju tiwa lọ. Ní àsìkò náà, ewéko tí ara rẹ̀ le lè mu omi lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí ó sì sinmi. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbàtọ́jú bíi tiyín yìí, ẹ fún un ní omi láàárọ̀ àti ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó lè gbẹ kí òkùnkùn tó kùn, kí ẹ sì gbé ọpọ́n omi kan tí ẹ kó òkúta sínú rẹ̀ sí abẹ́ ibi tí ẹ gbé e kọ́, kí ọ̀rinrin máa gòkè bá a. Kò gbọdọ̀ gba afẹ́fẹ́ fáànù ní tààrà. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ kò ju èyí tó ń gba àárín ewé igi kọjá lọ. Oòrùn àárọ̀ di agogo mẹ́sàn-án kò ní ṣe é ní nǹkan. Ti ọ̀sán gangan á jó ewé rẹ̀ di funfun. Ìgun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìlà oòrùn ni èmi ì bá yàn.

Ẹ béèrè nípa òórùn rẹ̀. Kò sọnù, òru ni àsìkò rẹ̀. Òdòdó funfun tí kò ní àwọ̀ mìíràn, tó ní ìrù gígùn tí oyin wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kì í sì í ta sánsán àfi nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àfòpiná ni ó ń pè. Kòkòrò oyin kì í jáde lóru, labalábá kì í jáde lóru. Àfòpiná ńlá, tó ní ẹnu gígùn tó ká jọ bí okùn, ló lè tọ òórùn náà wá nínú òkùnkùn, kí ó dúró lójú òfúrufú níwájú òdòdó kí ó sì na ẹnu dé ìdí ìrù náà. Irú kan wà ní Madagásíkà, Angraecum sesquipedale ni wọ́n ń pè é, tí ìrù òdòdó rẹ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Nígbà tí Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, rí i, ó kọ̀wé ní ọdún 1862 pé àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà ní erékùṣù náà tí ẹnu rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Darwin kú ní 1882. Ọdún 1903 ni Rothschild àti Jordan, àwọn onímọ̀ kòkòrò, tó kọ nípa àfòpiná náà, ẹnu rẹ̀ sì gùn bí Darwin ti wí. Tiyín náà wà nínú ẹbí kan náà pẹ̀lú ti Madagásíkà yìí, ìrù rẹ̀ kàn kúrú ni. Nítorí náà, bí ó bá tún yọ òdòdó, ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn, kí ẹ má ṣe tan oògùn ẹ̀fọn elééfín sí ìtòsí rẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀.

Òdòdó náà kò ní yọ lọ́dún yìí, n kò sì ní fi yín lọ́kàn balẹ̀ lásán. Bí ọ̀pá òdòdó bá tilẹ̀ fẹ́ yọ nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ gé e, nítorí agbára tí yóò fi tanná ni yóò fi ra ara rẹ̀ padà. Kí ó kọ́kọ́ mú ewé tuntun méjì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ ni kí ẹ máa wo abẹ́ ewé rẹ̀. Nǹkan méjì ló máa ń yọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í mọ̀ wọ́n yàtọ̀: gbòǹgbò tuntun ní orí róbótó tó ń dán, ọ̀pá òdòdó ní orí ṣóńṣó, ó sì ní ìpẹ́ kéékèèké lára. Láti ìgbà tí ẹ bá ti rí ọ̀pá náà, ẹ má yí ewéko náà padà sí apá ibòmíràn títí òdòdó á fi là, kí wọ́n lè kọjú sí ibì kan náà.

Ajílẹ̀ kò le. Ẹ má fi ajílẹ̀ oníhóró tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bọ́ òwú sún mọ́ ọn, á jó gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ra èyí tó ń yọ́ sínú omi, èyí tí wọ́n kọ 20-20-20 sí lára dára, kí ẹ lo ìdá kan péré nínú ìdá mẹ́rin ìwọ̀n tí wọ́n ní kí a lò, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí gbòǹgbò bá ní ṣóńṣó tútù nìkan. Ẹ fi omi lásán rin ín kí ẹ tó fún un. Ìgbín ni kí ẹ máa fi iná wá lálẹ́, nítorí ṣóńṣó gbòǹgbò tuntun ló fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá rí kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé bí ìpẹ́ ẹja, tàbí èyí tó rí bí òwú funfun, ẹ fi òwú tó rin nínú ọtí sípírítì ilé oògùn, oní ìdá 70 nínú 100, nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń lo sódàbì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu ṣe. Èmi kì í lò ó, nítorí agbára ìgò kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti sọ nítorí àwọn ọmọ àdúgbò tí ẹ ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín wá irú rẹ̀ kiri. Èyí tí ẹ gbà là lára igi tó ti wó, ẹ ṣe ohun tó dára. Èyí tó wà lára igi tó dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èso ọ́kíìdì kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kóró nínú, wọ́n kúnná bí eruku, ṣùgbọ́n kóró náà kò ní oúnjẹ kankan nínú bí ti àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Àfi bí ó bá balẹ̀ síbi tí irú olú kan tó kéré tí ojú kò lè rí wà, tí olú náà sì bọ́ ọ, ni yóò tó hù, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì lò kí ó tó tanná. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES kan gbogbo ọ́kíìdì pẹ̀lú: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé e láti Kétu kọjá sí apá Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnubodè kò jìnnà sí yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ yín ní Kútọnu. Ẹ kò lè gé èyí tó wà lọ́wọ́ yín sí méjì. Ojú kan ṣoṣo tó fi ń dàgbà ni mo ti sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà, ó lè mú ọmọ jáde nídìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wà lára ìyá rẹ̀ títí yóò fi ní gbòǹgbò mẹ́ta tirẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́ yín. Nígbà náà ni kí ẹ fi ọ̀bẹ tó ti kọjá lórí iná gé e, kí ẹ pa èédú sí ojú méjèèjì, kí ẹ so ó mọ́ igi tirẹ̀, kí ẹ sì fi í sọ́dọ̀ yín fún oṣù kan kí ó tó wọ ọkọ̀. Kí ọmọ yín má ṣe gbé e sínú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù. Níta, lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí atẹ́gùn òkun ti lè fẹ́ sí i ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán kò lè dé, ni kí ó gbé e kọ́ sí.